Wọ́n Ti Tún Sinimá Ọ̀bùn Yà

Bàbá mi àtàtà,

Ọmọ yín ni o, èyí tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ ń sáré ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ara mi le. Ara ìyá wa náà le. Eyín méjì tó ń mì lẹ́nu wọn nígbà tí ẹ lọ ti yọ, wọ́n sì ń fi àlàfo rẹ̀ rẹ́rìn-ín láìtijú. Kòkó so lọ́dún yìí, òjò kò sì bà á jẹ́. Òṣogbo ni mo ń gbé báyìí, nínú yàrá kan lẹ́yìn Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ Àláájì kan tó ń hun aṣọ òkè. Ẹ ò ní gba iṣẹ́ tí mò ń ṣe gbọ́. Mọ́tò sinimá ìjọba ni mò ń bá kiri. Èdè òyìnbó ni sinimá ń sọ, èmi ni mo ń gba inú gbohùngbohùn túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn èèyàn. Wọ́n ń sanwó fún mi kí n máa sọ̀rọ̀! Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin máa ń há ẹ̀pà fún mi kí n lè dákẹ́ ni.

Bàbá, wọ́n ti tún sinimá yín yà.

Mo rántí èyí àkọ́kọ́ bí àná. Ogun Hítílà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, òyìnbó kan gbé ẹ̀rọ ìyàwòrán rẹ̀ wá sí abúlé wa, ó ní òun fẹ́ fi han aráyé bí a ṣe ń sá kòkó dáadáa àti bí a ṣe ń bà á jẹ́. Àgbẹ̀ méjì ló fẹ́, Ọlọ́gbọ́n àti Ọ̀bùn. Ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé lórí ta ni yóò ṣe Ọlọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tó fẹ́ ṣe Ọ̀bùn, torí wọ́n ní ohun téèyàn bá fi ara rẹ̀ ṣe lójú ayé, ó lè lẹ̀ mọ́ ọn lára. Àfi bí mo ṣe rí yín tí ẹ bọ́ síta. Ẹ̀yin kẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fún kòkó mọ́wọ́ létí kí ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún, kí ẹ tó gbà pé ó gbẹ! Nínú sinimá yẹn, ẹ jẹ́ kí ewúrẹ́ máa rìn lórí kòkó, ẹ sùn sábẹ́ igi, ẹ ń họ ikùn, ẹ sì jó nígbà tí ẹni tó ń ra kòkó lé yín. Gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ yín ti sọnù. Ọ̀bùn níbí, Ọ̀bùn lọ́hùn-ún. Ẹ ó dá wọn lóhùn, ẹ ó tún bá wọn rẹ́rìn-ín. Ìwé kẹrin ni mo wà, mo bá wọn jà títí ẹ̀wù mi fi ya. Kí ló dé tí ẹ ò bínú rí, Bàbá? Àbí ó ń dùn yín, tí ẹ kàn ń gbé e mì?

Ìgbà tí a sin yín tán ni ìyá wa tó sọ òdodo ọ̀rọ̀ fún mi. Bàbá Òjó, ọ̀rẹ́ yín, ni wọ́n bá kòkó tútù tó ti bu nínú àpò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tí òyìnbó sinimá dé. Ẹni tó ń yẹ kòkó wò fún ìjọba ní kó yan ọ̀kan: kó wá ṣe Ọ̀bùn lójú ayé, tàbí kó fojú ba ilé ẹjọ́. Ọkùnrin náà ń fi ọmọ rẹ̀ obìnrin fọ́kọ lóṣù náà, ìtìjú ò sì jẹ́ kó lè gbójú sókè. Ẹ lọ bá ayẹkòkówò náà ní kọ̀rọ̀, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ̀yin ṣe é. Ẹ bo ọ̀rẹ́ yín láṣìírí. Ìyá wa ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sínú, mo sì ní mo gbọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n ti ya tuntun yìí. Ọ̀bùn ti wọn kò pani lẹ́rìn-ín bíi tiyín. Ó ń mu ẹmu yó, ó ń lu ìyàwó, ó ń kó òkúta sínú àpò kòkó, wọ́n sì dárúkọ abúlé wa ketekete pé ibẹ̀ ló ti wá! Abúlé gbaná jẹ. Àwọn tó fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n wá ń pariwo pé ìjọba dójú ti àwọn. Àbí ẹ ò rí nǹkan! Ní ìletò kan, wọ́n ju ọsàn jíjẹrà lu aṣọ funfun tí a fi ń wo sinimá. Àwọn àgbà kọ̀wé pé kí a dáná sun ún. Ọ̀gá mi ní ká má gbé e dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà mọ́.

Èmi ni mo ní rárá. Mo ní kí a máa fi hàn wọ́n, ṣùgbọ́n bó bá ti parí, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá dùn wá gba gbohùngbohùn, kó fèsì. Ẹni tó ya sinimá ti sọ tiẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó bí nínú náà sọ tiẹ̀. Ọ̀gá gbà. Títí dòní, mo mọ̀ pé ohun tó dáa ni mo sọ. Ibi tí mo ti ṣì í ni pé mo fún ara mi náà ní gbohùngbohùn.

Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wa ni. Obìnrin olóbì kan gba ọ̀rọ̀ sọ, ó ní ká má dá ẹlòmíràn lẹ́bi, Ọ̀bùn àkọ́kọ́ ló tà wá fún òyìnbó. Mo já nǹkan náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bàbá mi kì í ṣe ọ̀bùn, kòkó tó bu nígbà yẹn, ti Bàbá Òjó ni! Ọkùnrin náà wà níwájú níbẹ̀, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ lé itan. Ó gbé ọmọ náà fún ìyàwó rẹ̀, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀, ó lọ sílé.

Bàbá, ojú tì mí kó tó dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń kọrin Ọ̀bùn. Bó ṣe ti ara rẹ̀ mọ́lé nìyẹn, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kò ta ayò mọ́. Àwọn kan ní mo káre, òótọ́ ni mo sọ. Àwọn tó pọ̀ jù pòṣé sí mi. Ìyá wa ò pòṣé ní tiwọn. Wọ́n ní, “Gbogbo ohun tójú rí kọ́ lẹnu ń sọ. Bàbá rẹ fi orúkọ ara rẹ̀ ra iyì ọ̀rẹ́ rẹ̀, ìwọ wá lọ dá ọjà padà.” Mo délé l'Óṣogbo, mo ní kí n lọ wá alátìlẹ́yìn lọ́dọ̀ Àláájì, mo ní ṣebí òótọ́ ni. Ó ní, “Òótọ́ ni, àmọ́ ta ló ni ín?” Ó bá tún kọjú sí aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ bẹ Bàbá Òjó, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọn ò ṣílẹ̀kùn. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bẹ ọ̀gá, mo gbé mọ́tò padà sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì láìsí sinimá kankan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójú gbogbo ayé, gbohùngbohùn lẹ́nu mi, mo ní mo ṣẹ̀. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tó ṣí. Ó rọra bọ̀, ó gba nǹkan náà, ó dorí rẹ̀ kodò, mo bá a yí i padà. Ó ní, “Òótọ́ lọmọ yìí sọ. Èmi ni. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń bẹ bàbá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí n jẹ́wọ́, ó ní bí mo bá jẹ́wọ́, Ọ̀bùn á di méjì lábúlé, ọ̀kan sì ti tó.” Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, Bàbá. Ohùn yín gan-an ni wọ́n gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Obìnrin olóbì náà fi gèlè bojú, ó ń sunkún.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń retí ìbáwí. Kò mẹ́nu bà á. Ó ní, “Lọ bá mi ra áásáà wá.” Mo sáré, èmi òṣìṣẹ́ ìjọba, tòun ti ìbọ̀sẹ̀! Ó fín in, ó sín, ó wá wò mí lójú. Ó ní tòun ti tán, àmọ́ òun kọ́ ni mo ṣẹ̀ jù, pé kí n lọ bẹ bàbá mi.

Mo lọ síbi sàréè yín. Ẹnu tí wọ́n ń sanwó fún kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn. Kì í ṣe torí pé òótọ́ jáde ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀, Bàbá. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín fún ọ̀rẹ́ yín ni mo lọ gbà padà láì bi yín. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ṣé ẹ̀ bá fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu? Àbí inú yín á dùn díẹ̀ pé ẹnìkan gbèjà yín?

A ṣì ń gbé sinimá náà kiri, wọ́n ṣì ń bínú sí i, mo sì ń fún wọn ní gbohùngbohùn. Bàbá kan n'Íléṣà bú ìjọba látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó sì lọ sílé lọ jẹ iyán. Inú mi dùn sí iṣẹ́ mi. Bàbá Òjó ti padà sídìí ayò, wọ́n ní ó tún ti ń rẹ́ wọn jẹ.

Ìyá wa ní ọ̀dọ̀ ara yín ni ẹ̀yin àti Bàbá Òjó ti kọ́ ọ, ẹ kì í sọ fún ẹni kankan pé ẹ ti dárí jì í. Bí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ ò ní rán mi níṣẹ́ mọ́. Ẹ ó fúnra yín dìde lọ bu omi, èmi á dúró máa wò yín, ó sì máa ń dùn mí ju pàṣán lọ. Ọjọ́ tí inú yín bá rọ̀, ẹ ó kàn pè mí, ẹ ó ní kí n lọ mú nǹkan kan wá.

Bàbá mi, ẹ rán mi níṣẹ́. Ohunkóhun, ibikíbi. Mo ti wọ bàtà mi.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó jókòó síbi tí yóò ti gbọ́ bí ẹ bá pè.