Àga Bàbá Ní Pálọ̀ Wa

Olóòtú wa, Àǹtí Wosilat, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Abúlé Òkúta ni ilé wa wà.

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí Bàbá wa ti kú, kò sì sẹ́ni tó jókòó lórí àga wọn láti ìgbà náà. Mo fẹ́ ra àga ìgbàlódé tí owó rẹ̀ kò ga jù sí pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé Màmá yóò ní mo lé ọkọ òun jáde nílé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí a ṣe ń ti Igbóbì bọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú orúnkún Màmá, a yà sí ṣọ́ọ̀bù àga kan ní Obanikoro. Àga àkọ́kọ́ rẹlẹ̀ jù. Màmá kígbe pé, "Ẹ fà mí dìde o, àga yìí fẹ́ gbé mi mì!" Lórí èkejì, wọ́n dá dìde fúnra wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Èyí mọ àgbà. Ibi àga bàbá yín ni kó o gbé e sí."

"Ẹ ò ní bínú, Mà?"

"Ìbínú kẹ̀? Ojú ẹ̀yin ọmọ ni mo ń wò. Ojoojúmọ́ ni àga yẹn ń gbá mi lórúnkún tí mo bá ń kọjá."

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Àga tuntun ti dé, ti Bàbá sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ lánàá, àlejò kan fẹ́ jókòó lórí àga Bàbá, èmi àti Màmá sì jọ pariwo pé, "Rárá o!"

Ẹ̀yin olùgbọ́, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀?

Èmi, àkọ́bí Màmá.