Púlọ́ọ̀gì Karùn-ún Doreen

Sátidé, 2 Máàṣì 2019

Wọ́n tún jí mi. Aago mẹ́fà àárọ̀, ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ tí Ọlọ́run dìídì fi sílẹ̀ fún oorun. Imú ló jí mi. Bàbá Àgbà ni Imú. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nínú ìwé yìí nìyẹn, torí á na imú sí èéfín ẹ́ńjìnì, á fà á símú, á ní òun ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ó fọwọ́ gbá ilẹ̀kùn mi: "Tam! Ṣé oorun ni àbí o ti kú?"

Doreen ló fa gbogbo ẹ̀. Doreen ni mọ́tò eré ìje wa. Orúkọ Màmá Àgbà olóògbé ni wọ́n sọ ọ́ — obìnrin tí kò fẹ́ràn ariwo rárá nígbà ayé ẹ̀. Irú ìwà ìkà wo nìyẹn. Ẹ́ńjìnì Doreen ní ẹwìrì lórí, bíi ti alágbẹ̀dẹ, àmọ́ ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ló ń yí i, ẹwìrì sì ń rọ́ atẹ́gùn padà sí i lọ́fun. Atẹ́gùn púpọ̀, epo púpọ̀. Epo yẹn kì í ṣe pẹtiróòlù o, mẹtanọ́ọ̀lù ni, ọtí líle tó jẹ́ pé tó bá ń jó lọ́sàn-án, ojú ò ní rí iná ẹ̀. Tí epo bá kéré sí atẹ́gùn, irin á yọ́. Gbogbo ọgbọ́n tí Imú fi ń yan káàkiri Renmark, ìlú wa, ò ju ìyẹn lọ: kí epo má kéré, kó má sì pọ̀ jù.

Dádì ló ń wà á. Imú ló ń tún epo ẹ̀ ṣe. Èmi ni mò ń nu nǹkan.

Lónìí a tan án nínú ṣẹ́ẹ̀dì, gbogbo ajá àdúgbò gbó. Imú tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń ṣáná sí epo, ó tò wọ́n sórí tówẹ́ẹ̀lì, ó na ọ̀kan sí mi. "Sọ ohun tí o rí." Mo ní púlọ́ọ̀gì ni mo rí. "Wò ó dáadáa." Ṣìọ̀. Ohun tí mo fi kúrò nílé ìwé lọ́dún tó kọjá gan-an nìyẹn: àwọn tó ti mọ ìdáhùn, tí wọ́n tún ń béèrè.

Sọ́ńdè, 3 Máàṣì

Dádì ń fọ́nnu fún aládùúgbò. "Tá a bá fẹ́ kó sáré sí i, hóró tí ihò ẹ̀ tóbi la máa ń fi sí i, kó lè mu epo yó."

Irọ́ gbuu! Ọdún mọ́kànlá ló ti ń wa Doreen! Hóró ni idẹ pẹlẹbẹ kan, kò ju hóró oògùn orí fífọ́ lọ, tó ní ihò láàárín. Ọ̀nà tí epo ń gbà PADÀ sílé ló ń jókòó sí. Pọ́ǹpù máa ń ti epo ju èyí tí ẹ́ńjìnì lè mu lọ, àjẹkù á gba inú hóró padà sínú táńkì. Ihò tóbi, epo sá lọ sílé, ebi ń pa ẹ́ńjìnì. Ihò kéré, ẹ́ńjìnì yó. Mo ti mọ èyí kí n tó mọ okùn bàtà dì.

Imú wà níbẹ̀, ó ń mu tíì, kò bá a wí. Mo bi í léèrè lẹ́yìn náà. Ó ní: "Ẹni tó bá mọ iná jù kì í gbà láti jókòó tì í. Jẹ́ kó máa wà á."

Túsìdeè, 5 Máàṣì

Mo ti di akọ̀wé. Imú ní kí n máa bá òun kọ ọ́ sínú ìwé òun: ooru, ọ̀rinrin, hóró wo, púlọ́ọ̀gì rí báwo. Ogójì ọdún ló fi kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Ó ní ọwọ́ òun ń gbọ̀n. Ọwọ́ tó ń wé nọ́ọ̀tì tó kéré bí ẹ̀wà láìwò ó! Ọ̀gá ọ̀lẹ.

Tọ́sìdeè, 7 Máàṣì

Dádì ní tí wọ́n bá ń fa Doreen lọ síbi ìlà tí eré ti ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé, èmi ni mo máa jókòó sídìí ẹ̀, kí n máa darí ẹ̀. Torí mo ti pé mẹ́rìndínlógún. Mi ò sọ fẹ́nì kankan pé inú mi dùn.

Sátidé, 9 Máàṣì

Gbogbo wa wà láàyè. Mi ò lè kọ ju ìyẹn lọ.

Sọ́ńdè, 10 Máàṣì

Ó dáa. Ẹnì kankan ò sáà ní kà á.

Mildura. Ibẹ̀ ni ìdíje. Ooru dígírì méjìdínlógójì, eṣinṣin nínú páì, eṣinṣin nínú etí. Wọ́n fẹ́ fa Doreen lọ síbi ìlà, mo ti na ẹsẹ̀ kan wọlé. Dádì rẹ́rìn-ín lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀: "Ìwọ kẹ̀? Kí o lọ fi Doreen ọmọ mi họ ògiri? Bọ́ sílẹ̀, lọ nu táyà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Imú náà rẹ́rìn-ín. Mo nu táyà.

Dádì sáré àkọ́kọ́, ó dáa. Imú tú púlọ́ọ̀gì. "Sọ ohun tí o rí." Mo mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dé ìkarùn-ún. Lára ọrùn ẹ̀ tó funfun níbẹ̀, mo rí ẹ̀rún tó ń dán, bí ìgbà tí èèyàn bu iyọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn. Mo mọ ohun tó jẹ́. Ara písítìn ni, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú ẹ́ńjìnì. Písítìn ti ń yọ́, ó ń tutọ́ ara ẹ̀ sára púlọ́ọ̀gì. Ebi epo nìyẹn.

Mo ní: "Ó mọ́ tónítóní."

Mo fẹ́ kó jágbe mọ́ mi ni. Gíláàsì wà lójú ẹ̀, gíláàsì ńlá tó ń sọ eèrà di erin tún wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ní yóò rí i, yóò pariwo, èmi náà á wá sọ fún un pé, ẹ ṣáà ti mọ̀ ọ́n, kí lẹ tún ń bi mí sí? Ó wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní: "Ó dáa." Ó ní ooru ti sọ atẹ́gùn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, epo ti ń pọ̀ jù. Ó yọ hóró 100, ó fi 105 tí ihò ẹ̀ tóbi jù ú lọ sí i.

Ebi lórí ebi. Mo sì dúró. Mo ní bóyá ìdọ̀tí ni mo rí. Mo ní bóyá ó mọ nǹkan tí mi ò mọ̀. Mo jẹ páì mi tán.

Nínú eré kejì, Doreen dé ìdajì ọ̀nà, ó dún bí ìgbà tí òrùlé ya. Ẹwìrì fò sókè, ìgbànú tí wọ́n fi dè é ni kò jẹ́ kó lọ. Dádì bọ́ sílẹ̀, ó ń jó. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́, torí kò sí iná kankan lára ẹ̀. Iná wà. A ò rí i ni. Àwọn paná-paná da omi lé e. Awọ bó lọ́wọ́ òsì ẹ̀, ìka méjì.

Písítìn karùn-ún ní ihò tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀.

Wẹ́sìdeè, 13 Máàṣì

Ìjà nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Dádì pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́ bí ẹni wọ ìbọ̀wọ́ abẹ̀ṣẹ́: "Bàbá, kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi 105 sí i?" Imú ní: "Èmi ni mo fi sí i. Ẹ̀bi mi ni." Ó tán. Kò dárúkọ mi. Ó ń ṣe akọni. Ta ló bẹ̀ ẹ́?

Sátidé, 16 Máàṣì

Dádì mú ẹnì kan wá láti Adelaide. Corbin. Bàtà ẹ̀ funfun bí eyín ọmọ tuntun — nínú ṣẹ́ẹ̀dì! Kọ̀ǹpútà lábẹ́ apá. Bàtà Funfun ní òun á ki waya bọ ihò èéfín mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kọ̀ǹpútà á máa sọ èyí tó ń gbóná jù. "Ẹ má bínú o, bàbá, kò sẹ́ni tó tún ń wo púlọ́ọ̀gì mọ́." Ohun tó ń bí mi nínú ni pé ọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́gbọ́n dání.

Dádì dájọ́: Imú ní ọjọ́ kan sí i, ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí, ìdíje tó kẹ́yìn. Tí Doreen ò bá ṣe dáadáa, Bàtà Funfun gbà á.

Imú fẹ́ fi han Bàtà Funfun pé òun kì í ṣe èèyàn lásán. Ó na ọwọ́ sórí tówẹ́ẹ̀lì, ó mú púlọ́ọ̀gì kan, ó gbé gíláàsì ńlá lé e. "Wò ó, ọmọ. Ìkarùn-ún nìyí. Wo bí iná ṣe jó o dé ibi tó tẹ̀."

Púlọ́ọ̀gì tuntun ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú páálí. Kò tíì wọ ẹ́ńjìnì kankan rí.

Bàtà Funfun rò pé àwàdà ni, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo yára bá a rẹ́rìn-ín. Mo wá lọ jókòó sẹ́yìn táńkì omi títí Bàtà Funfun fi lọ.

Imú ò mọ ìdáhùn. Gbogbo ìgbà yẹn. Kò mọ̀ ọ́n.

Mọ́ńdè, 18 Máàṣì

Mi ò sọ fún Dádì. Màá sọ. Mi ò sọ.

Sọ́ńdè, 24 Máàṣì

Mo bá Imú létí odò. Mo ní, "Láti ìgbà wo?" Ohun tí mo lè fi yìn ín ni pé kò ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

"Láti Kérésìmesì èṣí. Àárín ló lọ, ẹ̀gbẹ́ ṣì wà. Tí mo bá wò ọ́ báyìí, mò ń rí etí ẹ méjèèjì. Ojú ẹ, bí ìgbà tí wọ́n fi àtàǹpàkò pa á rẹ́." Dókítà ti ní kò sóhun tí wọ́n lè gé níbẹ̀.

Mo ní: "Mo parọ́ fún yín. Mo rí iyọ̀ lára ìkarùn-ún."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ báwo?"

"Mo fi ìka wọ ihò písítìn yẹn. Irin kì í dédé yọ́ báyẹn. Á ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìwọ lo sì gbọ́ ọ."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún Dádì. Ó bínú gidi. "Kí n ní kí ni? Kí n ní mo fi ojú ọmọ tó ń fajú ro ti ọmọ bíbí inú mi sínú iná?"

Lẹ́yìn náà ó rọ̀. Ó ní Sátidé kan péré ló kù. Kí n máa wò, kí òun máa rò. Lẹ́yìn ìdíje, òun fúnra òun á sọ. Mo ní ó dáa. Òpùrọ́ méjì, ojú méjì láàárín wọn.

Fúráìdè, 29 Máàṣì

Bàtà Funfun ń bọ̀ wá wòran. Ó ní òun á mú àga wá. Kí àga ẹ̀ dà á nù.

Sátidé, 30 Máàṣì

Mildura. Òtútù dígírì mẹ́sàn-án láàárọ̀, kùrukùru. Atẹ́gùn wúwo, ó ń fẹ́ epo púpọ̀. Imú ní hóró 95. Doreen sáré àkọ́kọ́, ó lọ bí ọta. Ó ku ẹyọ kan, èyí tó máa pinnu.

Púlọ́ọ̀gì. Méje dáa. Lára ìkejì, iyọ̀.

Mo sọ fún un. Ó ní: "Ẹ̀rún mélòó?" Méjì. "Ṣé kì í ṣe mẹ́ta?" Mi ò mọ̀, bóyá mẹ́ta. Mo ti gbé hóró 92 lọ́wọ́, kí ẹ́ńjìnì lè yó. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi í sílẹ̀. Tá a bá fi epo rì í, kò ní sáré."

"Bàbá Àgbà, iyọ̀ ni."

"Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ péré ni. Á gbé e délé."

"Ẹ ò rí i!"

"Ìwọ rí i. O ò mọ ohun tí o rí."

Dádì ti so ara ẹ̀ mọ́ àga. Wọn ò tíì tan ẹ́ńjìnì. Ó na ọwọ́ tó bó yẹn sí mi láti ojú fèrèsé, ó ń kí mi bí òmùgọ̀, awọ tuntun ẹ̀ pupa bí ti ọmọ eku. Mo ki orí bọ fèrèsé. Mo sọ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pé Bàbá Àgbà ò ríran. Pé ojú mi ló ń lò. Pé mo rí iyọ̀ lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo ní ó mọ́. Pé ó tún ti wà lára ìkejì báyìí.

Dádì wo ọ̀kánkán ẹ̀yìn mi. "Bàbá?"

Imú ní: "Ọmọdé ni. Ẹ̀rù ló ń bà á."

Ó sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ ò yẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ yẹ̀ sí. Gbogbo èèyàn ń wò mí. Bàtà Funfun dìde lórí àga. Dádì wò mí, ó wò ó, ó wò mí. Ó wá gbé ìka sókè.

"Bàbá, ìka mélòó nìyí?"

Imú rọra yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí adìẹ tó fẹ́ mú kòkòrò, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Gbogbo wa rí i bó ṣe ń yí i.

Dádì tú ìgbànú àga, ó bọ́ sílẹ̀.

Sọ́ńdè, 31 Máàṣì

Dádì tú ẹ́ńjìnì ní òwúrọ̀ yìí. Etí písítìn kejì ti rún, bíi bisikíìtì tí eku jẹ. Ó gbé e wá fún mi kí n rí i. Ó ní: "Mi ò tíì mọ ohun tí màá fi ẹ ṣe." Mo ní mo gbọ́. Ó bo Doreen. Kò sí eré mọ́ lọ́dún yìí. Kò sọ ti ọdún tó ń bọ̀.

Imú wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀, ó dojú àga kọ aṣọ tí wọ́n fi bò ó. Mo gbé tíì lọ. Mo ní kí n fi ife kan ọwọ́ ẹ̀ kó lè mọ ibi tó wà. Ó já a gbà.

"Ìwọ lo gba Doreen lọ́wọ́ mi."

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó yẹ kí n ní ẹ máà bínú. Mi ò sọ ọ́. Kò sì dúpẹ́ fún tíì náà.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, Dádì wà nínú kíṣìnì, ó ń jó ẹyin. Ẹyin lásán, kò mọ̀ ọ́n dín. Èéfín ti gba gbogbo ilé, ó ń pariwo pé ta ló gbé síbí òun. Ohùn burúkú. Kó máa pariwo, ó ṣáà wà láàyè.