Àwòrán Tí Màmá Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. A ti tún òrùlé tó ń jò ṣe. Orúnkún Bàbá ṣì ń dùn wọ́n.

Wọ́n yẹ ẹ̀dọ̀ Màmá wò, bóyá jẹjẹrẹ ọyàn ti ràn débẹ̀. Sìkáànì tí wọ́n fi ń wo aláboyún ò rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ kejì rí kókó méjì. Ẹ̀kẹta, tó ń pariwo bíi jẹnẹrétọ̀, rí méje. Dókítà ní ẹ̀rọ yìí ló ríran jù.

Màmá ní ó tó gẹ́ẹ́, pé bí wọ́n ṣe ń yà á ni kókó ń pọ̀ sí i. Àwòrán àkọ́kọ́ ni Màmá ní kí n fi ránṣẹ́ sí yín. Òun ló wà nínú àpòòwé yìí.

Apá mi ò ká a mọ́. Tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ṣáà sọ pé ẹ rí i, pé ó mọ́ tónítóní.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́, kó sì jẹ́ kí ẹ bá wọn láàyè.

Àbúrò yín