Mo Kọ Ọ́ Sínú Fọ́ọ̀mù Pé Ojú Mi Pọ́n

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Ìlàrè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2025.

Ìbùkúnọlá Àwẹ̀ró, ọmọ mi,

Mo ti lọ́kọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà nìyẹn nígbà tí mò ń ka ìwé mẹ́wàá, tíṣà wa ní ká kọ́kọ́ kí èèyàn, ká béèrè àlàáfíà rẹ̀, ká tó sọ tẹnu wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kejìdínlógún rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lẹ́nu mi bí omi gbígbóná, bí mo bá ní kí n kọ́kọ́ kí ọ, n óò tún gbé e mì ni. Nítorí náà, mo ti lọ́kọ, èmi ìyá rẹ, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, inú mi sì dùn débi pé iyọ̀ ni mo fi sínú tíì lánàá, mo sì mu ún tán.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Olúwa tó mú ọ dé Èkó kò ní jẹ́ kí Èkó gbé ọ mì. Àwọn tó ń pariwo mọ́ ọ lórí fóònù níbi iṣẹ́ rẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ yóò rí ìfọ̀kànbalẹ̀, wọn yóò sì fi ọ́ sílẹ̀ kí o sinmi. Àwa náà wà. Òrùlé ilé ẹ̀yìn ti ṣíwọ́ jíjò láti ìgbà tí Láoyè káfíńtà ti kàn án, ewúrẹ́ dúdú bí ìbejì, Ọ̀rẹ́olúwa, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó háyà yàrá ẹ̀yìn lọ́wọ́ mi, ní kí n kí ọ, òun gan-an ló sì fa gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ẹni tí mo fẹ́ ni Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ará Ìpetumodù. Nítorí wọn ni Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ́, ẹ̀gbọ́n baba yín ní Ìrẹmọ, fi pè ọ́ lórí fóònù, pé ọkùnrin olójú ológìnní kan ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá rẹ. Òótọ́ ni, ẹyinjú wọn kò dúdú bíi tiwa, ó dà bí eérú tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Mo mọ̀ pé ìdí nìyẹn tí o fi fi ìwé orí ayélujára yẹn ránṣẹ́ sí mi nínú oṣù Kẹsàn-án, tí o kọ ọ́ sókè rẹ̀ pé, Màámi, ẹ ka èyí, kí ẹ sì ṣọ́ra.

Mo kà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, pẹ̀lú awò lójú. Ó ní ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ dúdú máa ń hùwà báyìí, ẹni tí tirẹ̀ mọ́lẹ̀ máa ń hùwà báyìí, pé àwọ̀ ojú lè sọ ẹni tí ìbànújẹ́ yóò tètè mú àti ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè dàrú. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ya àwòrán tíì kan tó ń fọ ikùn sí, mo bá gbà pé oògùn ojú eérú nìyẹn, mo ti fẹ́ ra páálí méjì fún Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo kí Ọ̀rẹ́olúwa tó sọ fún mi pé ìpolówó ọjà lásán ni, pé ẹni tó ń ta tíì náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Kí n wá sọ bí mo ṣe pàdé wọn. Ọ̀rẹ́olúwa ń kọ ìwé tí yóò fi gboyè, ohun tó sì yàn gan-an ni bóyá àwọ̀ ẹyinjú ní nǹkan í ṣe pẹ̀lú ìwà èèyàn àti ìlera ọkàn rẹ̀. Ó ń wá ogójì èèyàn tí yóò kọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. Mo yá a ní bẹ́ǹṣì méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo lọ ké sí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, èmi náà sì jókòó, mo gba fọ́ọ̀mù tèmi. Ó ti ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n bá òun wá ẹyọ ẹnì kan tí ojú rẹ̀ kò dúdú, ni Láoyè káfíńtà bá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo yìí, wá láti Ìpetumodù, wọ́n fi wọ́n jókòó tì mí.

Ìbéèrè kìíní tí ó wà níbẹ̀ ni pé, kí ni àwọ̀ ojú yín? Àwẹ̀ró, tọkàntọkàn ni mo fi dáhùn. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Ó pọ́n. Ọdún kẹsàn-án rèé. Àbí kí ni kí n kọ? Ṣé láti ìgbà tí baba yín ti kú, ojú ò pọ́n mi ni? Mo rò pé yunifásítì ti gbọ́ bí ojú ṣe ń pọ́n àwọn opó ni, pé wọ́n fẹ́ ṣe nǹkan sí i. Nígbà tí Ọ̀rẹ́olúwa rí i, ó tẹjú mọ́ mi, ó ní, Mọ́mì, ojú yín ò pọ́n o, dúdú ni. Mo ní, ọmọ mi, o ò tíì mọ̀ mí tó.

Gbogbo bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Bírò kan náà ni àwa méjèèjì ń lò, wọ́n sì ti kọ eérú sínú tiwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gba bírò lọ́wọ́ mi, wọ́n fa igi lé eérú náà, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Tèmi náà pọ́n. Ọdún mẹ́rin. Ìbùkúnọlá, ibẹ̀ ni.

Ìwádìí ọmọ ọlọ́mọ kò yọrí síbì kan, nítorí nígbà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún tèmi àti tiwọn kọ, tó ka ogójì fọ́ọ̀mù náà tán, mọ́kàndínlógójì ló jẹ́ dúdú, eérú jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Ọ̀gá rẹ̀ ní ojú ẹnì kan kì í ṣe ìwádìí, kó lọ wá nǹkan mìíràn kọ. Mo wá mú ìwé tí o fi ránṣẹ́ lọ bá Ọ̀rẹ́olúwa. Ó ní lóòótọ́ àwọn onímọ̀ kan ti wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀, àwọn kan ní àwọ́n rí díẹ̀, àwọn mìíràn wá a títí wọn kò rí i, ṣùgbọ́n kò sí dókítà tó ń wo àwọ̀ ẹyinjú kó tó sọ ohun tó ń ṣe ọkàn èèyàn. Ó ní ìbéèrè ni wọ́n máa ń béèrè, wọ́n á sì jókòó gbọ́ èsì.

Mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún ọ mọ́. Ní ìgbà kẹta tí Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo wá kí mi, kí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó yọjú rárá, wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí ìyàwó àwọn kú, oṣù márùn-ún ni àwọn kò fi lè dìde lórí ibùsùn. Kòkó ni wọ́n ń yẹ̀ wò kí olùrà tó gbé e, wọ́n á la kóró rẹ̀ wọ́n á wo àwọ̀ inú rẹ̀, iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn, wọ́n ní bí àwọ́n bá la kóró, àwọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń jọ lójú àwọn. Láoyè ló gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n lo oògùn, títí dòní wọ́n ṣì ń lọ rí dókítà ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn ará àdúgbò wọn ní ojú eérú ló fà á. Bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí wọn ni wọ́n ti jogún ojú náà, ìyá yẹn gbé ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún láyé, orin ló ń kọ títí tó fi sùn. Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo ní, láti ọgbọ̀n ọdún, àwọn kò tíì rí kóró kòkó kan tí àwọn mọ inú rẹ̀ láìlà á.

Mo lọ sọ fún Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní Ìrẹmọ. Mo kúnlẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni wọ́n, wọn ò sì ní yé jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí ni mo fẹ́ fi ojú ológìnní ṣe, ṣé eku ló pọ̀ nílé mi ni? Mo ní eku ò pọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ló pọ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti lo oògùn orí rí, n óò jí lọ́jọ́ kan n óò bá a lórí àjà. Mo ní bí mo bá bá wọn lórí àjà, n óò gbé àkàbà tì í fún wọn kí wọ́n lè sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní bó bá wá di dandan kí ọkùnrin náà máa wọlé, kó máa fi awò dúdú bojú, kí ojú má baà ti ìdílé baba yín.

Mo délé, mo sunkún, kì í sì í ṣe nítorí awò. Ìbùkúnọlá, ẹyinjú baba yín dúdú kinrin bí kóró iṣin, o rántí. Kò sẹ́ni tó wo ojú yẹn tó ní nǹkan kan ń ṣe wọ́n. Ọdún tí wọ́n ṣíwọ́ oko lílọ, tí wọ́n ń kọjú sí ògiri láti àárọ̀ dalẹ́, tí wọn kò lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn mọ́, Ìyá Ọmọ́tọ́ṣọ́ ní ọ̀lẹ ni, àwọn kan ní ìgbéraga ni, èmi náà, kí Ọlọ́run foríjì mí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, mo bi wọ́n bóyá bí ọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn. Ojú wọn dúdú, a sì ní kò sí nǹkan. Ó ṣì dúdú nígbà tí mo fi ọwọ́ ara mi pa á dé. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fẹ́ gbọ́ nípa àwọ̀ mọ́. Ẹni tí yóò sọ ohun tó ń ṣe é fún mi ni mo fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí a fi lọ sí ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpetumodù, Ọjọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, kí ẹnikẹ́ni láti Ìrẹmọ má baà rí wa. Láoyè àti Ọ̀rẹ́olúwa ló ṣe ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé ní kí n buwọ́ lùwé. Mo bi í bóyá kí n kọ àwọ̀ ojú mi, ó ní ìjọba kò béèrè ìyẹn. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé náà pẹ̀lú pé: Kò pọ́n mọ́. Ó ní mo ti ba ìwé ìjọba jẹ́, ó pòṣé lọ mú òmíràn wá.

Láràárọ̀ báyìí, ká tó fọ ẹnu, Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo á bi mí pé, Ìyá Ìbùkún, àwọ̀ wo ni ojú rẹ lónìí? Èmi náà á bi wọ́n. Bó bá pọ́n, a ó sọ pé ó pọ́n. Ọjọ́rú tó kọjá, tiwọn ṣú díẹ̀. Mo gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń ṣa ẹ̀wà títí ojú wọn fi là. Kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà ayé baba yín pé kò le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Fóònù tí o rà fún mi pàápàá mọ̀. O ní ojú mi ni yóò máa ṣí i. Ní ọjọ́ ìrántí baba yín lọ́dún tó kọjá, mo ti sunkún títí ojú mi wú, mo gbé e síwájú, ó ní òun kò mọ̀ mí. Mi ò bá a jà, èmi náà kò mọ ara mi lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, mi ò tíì gbé e dé ibi àyà tó fi ṣí. Báńkì nìkan ni ọ̀ràn wọn kò yé mi. Wọ́n ní kí n wo kámẹ́rà, kí n ṣẹ́jú. Èmi opó, nígbà náà, kí n máa ṣẹ́jú sí ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn gíláàsì! Mo ní irú mi kì í ṣẹ́jú nítorí owó. Wọ́n ti àkáǹtì náà pa.

Nǹkan kan kù. Lóṣù tó kọjá, mo pe nọ́ńbà ilé iṣẹ́ yín, kì í ṣe tìrẹ, èyí tí gbogbo ayé ń pè. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ ení, kí n tẹ èjì, mo tẹ gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bínú. Ọmọbìnrin kan gbé e, mo ní Ìbùkúnọlá ni mò ń wá. Ó ní kí ni nọ́ńbà rẹ̀ níbi iṣẹ́, mo ní àkọ́bí ni, nọ́ńbà kìíní. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo pè, òun wà dáadáa, kí ni òun tún lè ṣe fún mi. Àwẹ̀ró, ohùn yẹn gan-an ni o fi máa ń sọ fún mi pé o wà dáadáa. Láti Àjíǹde èṣí tí o ti wálé gbẹ̀yìn, ohùn yẹn nìkan ni mò ń gbọ́. Ojú rẹ dúdú kinrin, ti baba rẹ ni o jogún, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń bà mí.

A fẹ́ ṣe àpèjẹ ìgbéyàwó náà nílé. Bó o bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, àga àti àtíbàbà ni mo fẹ́ fi háyà. Fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì Láoyè, nítorí báńkì tèmi ṣì ń retí kí n ṣẹ́jú. Bá mi sọ fún Solomon àbúrò rẹ ní Ìbàdàn, kí òun náà bínú tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kó bínú wá sílé. Má ra awò dúdú fún ẹnikẹ́ni.

Olúwa yóò ṣọ́ ìjáde rẹ. Ayọ̀ tó bá mi ní ìrọ̀lẹ́ yóò bá ọ ní òwúrọ̀. Ọkàn rẹ kò ní ṣú kí o má rí ẹni tí yóò gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.

Ọ̀rẹ́olúwa ka lẹ́tà yìí kí n tó lẹ̀ ẹ́, ó ní mo sọ gbogbo nǹkan tán, mi ò dá ọjọ́ àpèjẹ. Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní ìbéèrè tí a ń bi ara wa láràárọ̀, ṣùgbọ́n má dáhùn lórí fóònù, má kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù kankan. Wá jókòó sí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, kí n wò ọ́ lójú, kí o sì sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹnu ara rẹ. Kí gbogbo yín ti dé kí oòrùn tó kan àtàrí, ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejìlá.