Ààmì Márùndínlọ́gọ́ta Inú Rẹ́jísítà

                                                            Ojúlé Kẹtàlá,
                                                            Òpópónà Mọ́ṣáláṣí,
                                                            Agége, Èkó.
                                                            Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹta, 1990.

Ọmọ bàbá mi ọ̀wọ́n,

Nùréènì, ṣé dáadáa lo wà? Ìbàdàn ńkọ́? Ṣé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ sinmi ní dípò, ibi ìkẹ́rùsí tí ilé iṣẹ́ yín gbé yín lọ, àbí ẹrù náà ni ẹ̀ ń gbé láti àárọ̀ di alẹ́? Ìyàwó Bùrọ̀dá tí o wọ̀ sọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Bí wọ́n bá ti bímọ, ẹ kú ewu. Bí wọn kò bá tíì bí, Ọlọ́run á sọ̀ wọ́n láyọ̀. Ikọ́ tí o ń wú kí o tó lọ ńkọ́? Mo ti sọ fún ọ pé èéfín rọ́bà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fà símú.

Àlàáfíà la wà nílé. Màmá mi ní kí n kí ọ. Bàbá rẹ, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ṣì ń jí ní agogo márùn-ún bí ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á wọ aṣọ, wọ́n á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá wọn dúró ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè bi wọ́n pé níbo.

Kí o tó kà síwájú, yẹ etí àpòòwé yìí wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, mo sì fi bírò fa ìlà kọjá ojú ibi tí mo lẹ̀. Bí ìlà náà kò bá bára mu, ẹnì kan ti tú u. Bàbá Suara tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yín ni mo fi rán. Wọn kò mọ̀wé kà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí mi ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Ìwọ náà wà níbẹ̀. Fara balẹ̀, màá ṣàlàyé.

O rántí bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n gbà ọ́ bíi kásúà, òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń pè lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá wà, ní ilé iṣẹ́ rọ́bà, iṣẹ́ àárọ̀ ló bọ́ sí ọ lọ́wọ́, o sì bẹ̀ mí pé kí n máa bá ọ dáhùn nígbà tí wọ́n bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Láwàní Àbdùlgàfár ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, Láwàní Nùréènì ló tẹ̀ lé e. Màá dáhùn tèmi pẹ̀lú ohùn tèmi, màá wá tẹ orí ba sẹ́yìn Mukhtar tó sanra, màá gbé ohùn tìrẹ jáde, ohùn ẹni tí iṣu gbígbóná ń bẹ lẹ́nu rẹ̀ yẹn: "Pírẹ́sẹ́ǹtì, sà." Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró kì í gbójú sókè. Ọgọ́ta ọmọ la jẹ́, ta ni wọ́n fẹ́ wò? Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ẹni tó lè fi ohùn pirinsípà wúkọ́ lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kí ọmọkùnrin mẹ́jọ fo ògiri, kí ni ti Nùréènì lára rẹ̀?

Ní Ọjọ́rú tó kọjá ni pirinsípà dúró níwájú gbogbo wa, tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ àìwá sílé ìwé ti sú àwọn. Wọ́n ní àwọn kan lára àwọn tó jáde léṣìí wọ yunifásítì, wọn kò sì lè jókòó gba ẹ̀kọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nítorí wọn kò kọ́ ìjókòó níbí. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù yunifásítì lọ́dún yìí gbọ́dọ̀ gbé e wá fún ìbuwọ́lù, àwọn á sì kọ iye ọjọ́ tó wá sílé ìwé sí i. Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ la ti ṣí báyìí. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó márùndínlọ́gọ́rin, kí ó má wulẹ̀ kan ilẹ̀kùn àwọn, kí ó má sì mú ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀.

Inú mi dùn fún ọ, torí mo mọ̀ pé ohùn mi ti gbé ọ kọjá iye yẹn. Inú mi dùn fún ara mi náà. Má rẹ́rìn-ín o: èmi pẹ̀lú ti gba fọ́ọ̀mù. Àǹtí Olúfọlákẹ́ tó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa ló sọ fún mi pé ibì kan wà ní yunifásítì tí wọ́n ti ń kọ́ni ní eré orí ìtàgé, tí wọ́n á sì fún ènìyàn ní oyè lé e. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣẹ̀sín ni. Wọ́n mú ìwé rẹ̀ wá hàn mí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan nílé, nítorí mo mọ bí wọ́n á ṣe rẹ́rìn-ín, mo tilẹ̀ lè fi ohùn oníkálukú wọn rín in fún ọ.

Lánàá, Ọ̀gbẹ́ni Adégbénró pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan síbi tábìlì wọn kí oníkálukú wo iye tirẹ̀. Mo rọra yọjú wo tìrẹ ná. Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Mo wo tèmi. Méjìdínlógójì.

Mo ní, "Sà, wọ́n ti ṣi èyí kọ. Ọjọ́ méje péré tí àpólò mú mi lójú ni mi ò wá."

Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Wọn kì í pariwo, ìwọ náà mọ ọkùnrin Èkìtì yẹn. Wọ́n ní, "Láwàní, ènìyàn méjì ń dáhùn, ènìyàn kan ni mo ń rí. Ẹnu kan, ààmì kan. Ìwọ lo sọ fún mi pé Nùréènì ló wà níbẹ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Ọjọ́ márùndínlọ́gọ́ta ni mo fi dáhùn fún ọ, Nùréènì, ojoojúmọ́ náà ni wọ́n fi fún ọ ní ààmì tí wọ́n sì fi òdo fún mi. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò mọ̀ pé èmi ni wọ́n ń bá wí. Mo bi Ọlárónkẹ́, olórí kíláàsì wa, bóyá ó ti rí i rí. Ó ní bírò tíṣà máa ń sọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré lórí orúkọ wa méjèèjì, òun rò pé mo mọ̀.

Tíṣà ní àwọn kò ní yan fún mi. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n á fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ́jísítà, wọ́n á sì gbé e fún pirinsípà. Kí ó tó di ìgbà náà, bí mo bá kọ ọ́ sínú ìwé, tí mo buwọ́ lù ú, pé èmi ni mo ń dáhùn, wọ́n á dá ààmì márùndínlọ́gọ́ta padà fún ẹni tó ni ín. Tèmi á di mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, tìrẹ á di mẹ́rìndínlógójì. Bí mi ò bá kọ nǹkan kan, á wà bó ṣe wà. Ẹnì kan nínú wa ló máa kọ fọ́ọ̀mù lọ́dún yìí.

Mo kọ́kọ́ rò pé pàkúté ni. Ìwé tí mo bá buwọ́ lù, kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n fi lé mi kúrò nílé ìwé? Títí di ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi gbogbo ara fura sí tíṣà. Ìgbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ yín láti bi Bàbá Suara ìgbà tí ọkọ̀ ń lọ sí Ìbàdàn ni ìfura náà yí ojú padà.

Bàbá Suara kò tíì jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi ní, "Tíṣà yín kò tíì dé o." Mo ní tíṣà wo. Wọ́n ní Adégbénró, pé láti Oṣù Kejìlá ló ti ń bá wọn kọ ìwé sítọ̀ lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti parí, nítorí láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, owó oṣù tíṣà kì í rí ìdajì oṣù. Wọ́n ní tí ẹ̀yin oníṣẹ́ àárọ̀ bá ti ń jáde, ìwọ àti òun á jọ jókòó sórí kéréètì, ìwé gígùn aláwọ̀ pupa kan á wà láàárín yín. Wọ́n ní, "Ọmọ yẹn á máa fi ìka tọ ìlà."

Ìwé ìṣirò lè ní èèpo pupa. Mo gbà. Tíṣà lè máa kọ́ ọ ní ohun tí o pàdánù, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n rẹ́jísítà wa náà pupa, ó sì gùn.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ìwé náà. Láti Oṣù Kẹsàn-án títí di Kérésì, kò sí ìrọ̀lẹ́ kan tí o kì í bi mí pé, "Gàfárù, wọn ò fura?" Kí n tó bọ́ bàtà ni wàá ti bi mí. Láti Oṣù Kìíní, o kò bi mí mọ́. Mo rò pé ọkàn rẹ ti balẹ̀ ni. Kí ló fi ọkàn rẹ balẹ̀, Nùréènì? Ọjọ́ tí o ń lọ sí Ìbàdàn, o gbá mi léjìká, o ní ibi yòówù kí wọ́n jù mí sí, màá jẹun, pé kí n fi ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí ìwé jẹ́ tiwọn. Mo rín ẹ̀rín ọjọ́ yẹn. Mo ti tún un rò lẹ́ẹ̀mẹwàá láti àná.

Mo mọ̀ pé orí rẹ pé ju tèmi lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe eré lo lọ ṣe nílé iṣẹ́ rọ́bà, torí ìwọ lò ń bọ́ àwọn àbúrò rẹ láti ìgbà tí bàbá rẹ ti jókòó sílé. Ká ní o sọ ọ́ lójú mi ní Oṣù Kìíní ni, bóyá ǹ bá ti yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, torí nígbà yẹn mi ò tíì mọ̀ pé èmi náà ń fẹ́ nǹkan kan. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mi ò sọ pé ìwọ ni kòkòrò náà. Mò ń bi ọ́ ni.

Mo ti kọ ìwé tí tíṣà ní kí n kọ. Ó wà lábẹ́ ẹní mi. Mi ò tíì buwọ́ lù ú. Bàbá Suara ń padà bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Bá wọn wọkọ̀. Má ṣe kọ lẹ́tà, má sì fi ọ̀rọ̀ rán wọn. Bí o bá mọ̀ pé ààmì mi ni wọ́n ń kọ fún ọ, sọ pé o mọ̀. Bí o kò bá mọ̀, sọ ọ́ lójú mi. Mi ò ní sọ ohun tí màá ṣe lẹ́yìn èyíkéyìí nínú méjèèjì, kí o má baà yan ìdáhùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà.

Bá mi kí Bùrọ̀dá àti ìyàwó wọn, kí o sì fún ọmọ náà ní ìkíni tèmi bí ó bá ti dé ayé. Àwọn àbúrò rẹ ń bèèrè rẹ. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn.

Oṣù mẹ́fà ni ohùn rẹ fi gbé nínú ọ̀fun mi. Mo mọ bó ṣe ń dún bí o bá ń sọ òótọ́, mo sì mọ ibi tó ti ń há bí o bá ń purọ́. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá tí mi ò rí ọ, màá buwọ́ lù ú kí wọ́n tó pe orúkọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Èmi fúnra mi ni, ọmọ bàbá rẹ,

Àbdùlgàfár Láwàní.