Èmi Kò Ní Túmọ̀ Àdúrà Màámi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ìbéèrè kan ni kò jẹ́ kí n sùn: kí ló ń tì yín lójú tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà? Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyàwó yín àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ara tèmi le. Ọ̀rọ̀ Màámi ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ ò lè gbàgbé ọjọ́ tí ẹ wá kí wa, tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ka èèyàn kanlẹ̀kùn. Ó béèrè èdè tí à ń sọ nínú ilé, àti bóyá gbogbo wa gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ tún táì yín ṣe, ẹ ní, "Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni. Ìyá wa gan-an ń sọ ọ́ bí ẹni mumi." Màámi, tí kò mọ̀ ju gúùdù mọ́nìn lọ, ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yín. Ó rò pé ẹ ń yin òun ni.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ purọ́ ládùúgbò wa. Nígbà tí èsì ìkànìyàn jáde, ilé ìwòsàn ní àwa ò nílò ògbufọ̀ mọ́. Wọ́n gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu yàrá dókítà.

Kò pẹ́ sígbà náà ni mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lójú òsì Màámi. Mo wà níbi iṣẹ́. Ó dá lọ sílé ìwòsàn. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé, "Ọmọ mi, ó dà bíi pé wọ́n ń fa kọ́tìnì bo ojú mi." Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ sáré gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ nìyẹn. Nọ́ọ̀sì, tí kò gbọ́ Yorùbá, rẹ́rìn-ín sí i, ó kán oògùn sí i lójú, ó ní kó máa lọ. Kí èmi tó gbọ́, kọ́tìnì ti bo ojú náà tán.

Ẹ wá kọ̀wé pé ọmọbìnrin yín ń lọ sílé ọkọ, pé Màámi ni yóò gbàdúrà, pé kí n dúró tì í, kí n máa túmọ̀ fún àwọn àna yín, àti fún ìyàwó ọ̀sìngín fúnra rẹ̀. N kò ní túmọ̀. Ṣebí Gẹ̀ẹ́sì nìkan là ń sọ nílé wa? Èmi yóò jókòó jẹ́ẹ́, gbogbo ojú yóò sì yí sọ́dọ̀ yín. Ẹ dìde, kí ẹ túmọ̀, bí èdè ọ̀hún bá ṣì kù lẹ́nu yín. Bí wọ́n bá béèrè ohun tó ṣe ojú ìyá yín, ẹ sọ ọ́. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, èmi á sọ ọ́, ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Àwọn ìwé tí mo ti kà sọ pé ẹ̀san kì í wo egbò sàn. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú àwọn tó kọ wọ́n ló ń di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú sọdá títì?

Kí ọmọ yín rílé ọkọ gbé. Kí ẹ̀yin náà dàgbà, kí ẹ darúgbó, kí àwọn ọmọ yín má sì fi yín pamọ́ fún àlejò.

Èmi ni àbúrò yín tí a jọ mu ọmú kan náà.

Àfikún: Màámi jí, ó bi mí ta ni mò ń kọ̀wé sí. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì rò pé yóò ní kí n dárí jì yín. Ó ní, "Sọ fún un pé àdúrà ọ̀hún máa gùn." Ilẹ̀ ti mọ́. Mo ti pa àtùpà.