Ilẹ̀kùn Yàrá Mojíbọ́lá

Ìbà, lọ́nà Ọ̀jọ́,
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kọkànlá, 1989.

Mojíbọ́lá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kàdúná lọ́hùn-ún? Ọládipọ̀ ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ déédéé? Ọmọ wa tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jókòó? Àwa níbí wà, ara wa le, àfi àtàǹpàkò ọwọ́ òsì mi tí màá sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọ tí mo bá débẹ̀. Olúwa tó jẹ́ kí o bí ọmọ náà wẹ́rẹ́ ni yóò máa ṣọ́ gbogbo yín, òtútù ọ̀yẹ́ ọ̀hún kò ní wọ̀ yín lára, ẹ kò ní fi ojú sunkún ara yín. Ṣe àmín kí o tó máa kà á lọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lọ́wọ́ awakọ̀ oníṣu tí o fi rán. Mo ka ibi tí o ti ní tí yàrá rẹ kò bá ní ilẹ̀kùn tó ń tì kí Kérésìmesì tó dé, ilé àwọn àna rẹ ní Ọ̀yọ́ lo máa gbé ọmọ lọ, nítorí o kò lè gbàgbé ewúrẹ́ tó wọlé bá ọ nígbà tí o wá kẹ́yìn, tó jẹ ìdajì búláòsì tí o fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Èmi ò bínú. Ewúrẹ́ yẹn gan-an ti kú. Ṣùgbọ́n Àbẹ̀bí ìyá rẹ kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà, ó ní ṣé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló máa wá kọ́kọ́ gbé ọmọ ọmọ òun jó kí òun tó fojú kàn án. Mo ní kó jẹun, pé kí oṣù yìí tó parí, ilẹ̀kùn á wà.

Mo lọ bá Súnkànmí káfíńtà, ó ní iṣẹ́ òrùlé ló wà lọ́wọ́ òun nínú bárékè àwọn sójà, pé ó di ọdún tuntun. Ọjọ́ kejì ni àpótí tí ọkọ rẹ fi ránṣẹ́ dé, àpótí pákó ńlá tí wọ́n fi ọ̀dà dúdú kọ orúkọ rẹ sí lára gàdàgbà. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Ayùn wà níbẹ̀, ìfági wà níbẹ̀, hámà, téèpù, àti ìwé kan tí òyìnbó fi àwòrán ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè tún ilé ara rẹ̀ ṣe láìpe oníṣẹ́. O mọ̀ pé mo kàwé dé sítáńdáàdì fọ́ọ̀, mo sì mọ àwòrán wò ju bí mo ṣe mọ̀wé lọ.

Nínú àwòrán kìíní, òyìnbó náà fi pẹ́ńsù há etí, ó ń rẹ́rìn-ín. Nínú èkejì, ó ti ṣe ìdajì iṣẹ́, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò dọ̀tí, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀kẹta, ìyàwó rẹ̀ dúró tì í, ó gbé kọ́ọ̀bù tíì lọ́wọ́. Nítorí pé mo fẹ́ kí iṣẹ́ náà yọrí bó ṣe wà nínú ìwé, mo fi pẹ́ńsù há etí, mo sì ní kí ìyá rẹ po tíì kó wá dúró tì mí. Ó dúró o. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó mu tíì náà tán, ó ní ti òun ti parí nínú iṣẹ́ yẹn, kí n máa bá tèmi lọ.

Téèpù yẹn ni mo kọ́kọ́ bá jà. Bí o bá fà á jáde, á sáré padà wọlé bí ẹni tó gbàgbé ìkòkò sórí iná. Ohun tí kò tètè yé mi ni pé ọ̀nà méjì ni wọ́n kọ òǹkà sí i lára, ti òkè tóbi, ti ìsàlẹ̀ ṣe wínníwínní. Mo fi ti òkè wọn ẹnu ọ̀nà, mo sì fi ti ìsàlẹ̀ gé pákó. Nígbà tí mo gbé ilẹ̀kùn náà nàró, kò ga dé ìdodo mi. Ìyá rẹ ní kò burú, òun ti ń wá ìdérí ìkòkò omi láti èṣí. Wàá bá a lórí ìkòkò omi. Mo ra pákó mìíràn, mo fi ti òkè nìkan ṣe é, ó sì ga bó ṣe yẹ.

Ohun kan wá wà nínú àpótí yẹn tí ọkọ rẹ kò sọ ìwúlò rẹ̀ fún wa. Igi pẹlẹbẹ pupa kan ni, ó gùn tó apá, wọ́n há dígí kékeré sí i láàárín, omi aláwọ̀ ewé wà nínú dígí náà, nǹkan rógódó kan sì ń rìn nínú omi ọ̀hún bí ẹyin aláǹgbá. Ìyá rẹ gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó kúnlẹ̀. Ó ní omi àdúrà ni. O mọ̀ pé láti ìgbà tó ti ń wọ sùtánà funfun, kò sí omi inú ìgò kan tí ìyá rẹ kò ní gbàdúrà sí. Ó gbé e sílẹ̀ ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là, ẹyin náà sì gbéra, ó rọra rìn lọ sí ìhà Ìgàndò, ó dúró síbẹ̀. Ó gbé e lọ sí yàrá rẹ, ìhà Ìgàndò náà ló lọ. Ó yí orí igi náà sí ibi tí ìdí rẹ̀ wà, bóyá ó lè tàn án jẹ, ẹyin náà tún padà sí ìhà Ìgàndò. Ni ìyá rẹ bá bi mí pé ọ̀nà wo ni mọ́tò Mojí gbà lọ́jọ́ tó ń lọ sí Kàdúná. Mo ní ọ̀nà Ìgàndò. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn tó fi í ránṣẹ́ ló ń wò, ó ní ó ń wá Mojí.

Èmi tí mo kàwé, mi ò kọ́kọ́ gbà. Mo dúró títí ó fi lọ sọ́jà Alaba, mo wá gbé e sílẹ̀ fúnra mi. Ọ̀dọ̀ yín ló lọ.

Àwòrán kẹrin ló dá ìjà sílẹ̀. Òyìnbó gbé irú igi yìí gan-an lé orí ilẹ̀kùn, ẹyin tirẹ̀ sì wà láàárín gbùngbùn. Mo ní bó ṣe yẹ kí tiwa náà rí nìyẹn. Ìyá rẹ fi ara dí ẹnu ọ̀nà, ó ní bí ẹyin yìí bá fi lè dúró sáàárín, a jẹ́ pé Mojí kò rántí ilé mọ́, èmi bàbá rẹ̀ ni mo sì fọwọ́ ara mi lé e lọ sí Ọ̀yọ́. Mo ní òyìnbó ló fi sínú ìwé. Ó ní ṣé òyìnbó mọ Mojí ni. Odindi ọjọ́ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí, ó kọ̀ kò bá mi di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mú, ibẹ̀ ni hámà ti ba àtàǹpàkò mi.

Mo kan ilẹ̀kùn náà, ẹyin wà láàárín géérégé. Kò tì. Igun òkè ń gbá férémù, igun ìsàlẹ̀ ń họ ilẹ̀. Mo fá òkè, ìsàlẹ̀ há. Mo fá ìsàlẹ̀, ẹ̀gbẹ́ há. Mo fá a, mo fá a, títí àlàfo fi wà lábẹ́ rẹ̀ tí àgbébọ̀ adìyẹ ń gbà kọjá láìtẹríba, kò sì tì síbẹ̀. Sájẹ́ǹtì Àlàbá aládùúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ sójà, ń kó ọwọ́ sẹ́yìn wá yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ó ní níbi iṣẹ́ àwọn, ilẹ̀kùn tó bá dúró wọ́gọwọ̀gọ báyìí, àtìmọ́lé ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ, mo wo ìwé yẹn, òyìnbó ṣì ń rẹ́rìn-ín. Mojí, mo ti mú bírò láti kọ̀wé sí ọ pé kẹ́ ẹ máa lọ sí Ọ̀yọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran ló gbà mí, ará Èkìtì tó ń kọ́ wọn ní yunifásítì, ilé kejì sí wa ló háyà. Ayùn ló wá yá. Ó rí igi pupa yẹn, ó gbé e sí ilẹ̀, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó jáde lọ wo ògiri láti ìta, ó wá bi mí pé ta ló kọ́ ilé yìí. Mo ní bàbá mi ni, ojú ló fi wọ̀n ọ́n. Ó mi orí, ó ní, “Bàbá, ilẹ̀kùn yín gún. Ilé yín ni kò gún.”

Ó ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí àbàtà ti ń rì díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, pé ògiri ṣì le, kò ní wó, ṣùgbọ́n gbogbo ilé ló jùmọ̀ tẹ̀, àti férémù náà. Ó ní igi tí àwọn bíríkìlà fi ń wò bóyá nǹkan tẹ́jú ni, ibi tó bá ga ni ẹyin inú omi máa ń lọ, kò kan Kàdúná rárá. Ó ní kí n fi pẹ́ńsù sàmì sí ojú dígí níbi tí ẹyin dúró sí tí igi náà bá wà nílẹ̀, kí n kan ilẹ̀kùn kí ẹyin dúró síbi àmì náà, kí ilẹ̀kùn lè tẹ̀ bí ilé ṣe tẹ̀. Ìyá rẹ yọ láti ilé ìdáná, ó ní ẹ gbọ́ nǹkan, tíṣà yunifásítì náà ní ká fi í sílẹ̀ kó máa wo ìhà Ìgàndò. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran wo ojú ìyá rẹ, ó mú ayùn lọ.

Lọ́jọ́ náà ìyá rẹ di ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn mú láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Ibi tí mo ti fá jù, pákó ara àpótí yín ni mo fi dí i, èyí tó bọ́ sí ìsàlẹ̀ sì jẹ́ èyí tí wọ́n kọ orúkọ rẹ sí. Ẹyin dúró síbi àmì. Mo tì í. Ó tì, Mojí. Ìyá rẹ ṣí i, ó tì í, ó ṣí i, ó tì í, títí tí mo fi ní kó fún híńjì nísinmi. Àlàbá mú ewúrẹ́ tirẹ̀ wá pé ká dán an wò. Ewúrẹ́ náà kàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ka orúkọ rẹ, ó padà sílé.

Nítorí náà, má lọ sí Ọ̀yọ́. Tí o bá fẹ́ tì í, gbé e sókè díẹ̀ kí o fi ìdí rọra gbá a, má sì fi aṣọ kọ́ igun òkè rẹ̀. Híńjì méjì ló wà lára rẹ̀, mẹ́ta ni ti inú ìwé, nítorí náà bá mi fi owó híńjì kan ránṣẹ́, àti ti ọ̀dà díẹ̀ bí ó bá ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n mi ò ní kun orúkọ rẹ pa. Bi ọkọ rẹ bóyá ìwé wà fún ilé tó tẹ̀.

Ọ̀nà á là fún yín láti ibẹ̀ dé ibí, mọ́tò yín kò ní yọnu, ọmọ á dàgbà á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yìí. Igi pupa náà ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbẹ́là. Ìyá rẹ ní ọjọ́ tí o bá wọlé, ẹyin yẹn á kúrò ní ìhà Ìgàndò, á wá sáàárín. Tíṣà ní irọ́ ni. Èmi ò bá wọn dá sí i. Ẹ wá, kí á jọ wò ó.

Èmi ni bàbá rẹ,
Fọlárìn Àkàndé